Ìdí Tí Ọmọ Kangarú Fi Ń Yọ Orí Láti Inú Àpò Ìyá Rẹ̀

Ẹnu Ajíbádé, tí ó ń rán bàtà awọ ní Ọ̀yọ́, ni a ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Bí ó ṣe rò ó nìyí.

Nígbà láéláé, ní ilẹ̀ Ọsirélíà lókè òkun, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni Kangarú fi ń rìn bí ewúrẹ́. Kò ní àpò kankan. Awọ ikùn rẹ̀ kàn tú sílẹ̀ bí agbádá tí a yá lọ́wọ́ ẹni tó sanra ni.

Ọdẹ kan ń pa Kangarú níbẹ̀, ó ń ta ẹran wọn. Ìyàwó rẹ̀, Aláwọ, a máa fi awọ wọn rán bàtà tà. Òfin kan ni tọkọtaya yìí kò jẹ́ rú: wọn kì í pa abiyamọ.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, Ọdẹ bá Ìyá Kangarú níbi tí ó ti ń jẹko. Ó fa ọrun.

“Ẹ dákun, baba ọdẹ, abiyamọ ni mí!”

“Ọmọ dà?”

“Ó ń sùn nínú koríko.”

“Ẹ̀yin àti koríko! Lánàá, ọkọ rẹ náà, pẹ̀lú àyà fífẹ̀ bí ilẹ̀kùn yẹn, sọ fún mi pé abiyamọ ni òun. Ẹ̀rín ni kò jẹ́ kí n lè ta ọfà.”

Àyà Ìyá Kangarú já. Ó pe ọmọ títí ohùn fi há. Ọmọ jí, ó sì ta gẹ̀ẹ́gẹ̀ẹ́ jáde tòun ti oorun lójú. Ọdẹ sọ ọrun kalẹ̀.

“Orí kó ọ yọ. Bí n kò bá rí ọmọ lọ́la, n kò níí bèèrè.”

Ní ọjọ́ kejì, Ìyá Kangarú fi okùn koríko pọn ọmọ rẹ̀ dáadáa. Ó rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Àmọ́ iwájú ni Ọdẹ ti yọ sí i. Ọfà fò fìrì kọjá létí rẹ̀.

“Mo wà lẹ́yìn níbí o!” ni ọmọ ké.

Ọdẹ sáré yí i po, ó rí ọmọ. Díẹ̀ ló kù kí ó rú òfin. Ó mú ìyá àti ọmọ lọ bá ìyàwó rẹ̀.

Aláwọ wò wọ́n, ó mí kanlẹ̀. “Baálé mi, ṣé ẹ̀yìn lẹ ti ń wo ẹran ni?”

Ó ká awọ ikùn tó tú sílẹ̀ yẹn sókè, ó rán ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ó fi òkè sílẹ̀. Ọmọ kó wọlé, ó bá a mu rẹ́gí.

“Ìyá ọmọ, bí o bá ti gbúròó ẹsẹ̀ ọkọ mi, dìde dúró, kí ọmọ yọ orí.”

Bí ọkọ Ìyá Kangarú ṣe gbọ́, eré ló sá dé. “Ìyáàfin, ẹ bá mi rán tèmi náà.”

“Bàbá, ọmọ wo lẹ fẹ́ gbé sí i?”

“Mo ṣì ń gbèrò rẹ̀ ni.”

Aláwọ rẹ́rìn-ín títí abẹ́rẹ́ fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò rán an.

Láti ọjọ́ náà ni abo Kangarú ti ń gbé ọmọ sínú àpò níwájú. Bí ìró ẹsẹ̀ bá dún, gbogbo wọn a nàró, títí kan akọ tí kò ní àpò, bóyá ojú Ọdẹ kò níí ríran dé ikùn rẹ̀. Ọmọ a sì yọ orí, kí ẹnikẹ́ni tó bèèrè pé, “Ọmọ dà?”

Ọjọ́ kẹtàlá oṣù kẹjọ ọdún 2016 ni a tún un sọ. Ènìyàn mẹ́sàn-án ló jókòó gbọ́ ọ. Mẹ́wàá ni, bí a bá ka ọmọ ọwọ́ tó yọ orí láti ẹ̀yìn ìyá rẹ̀.