Orin Tí Áàpù Kò Rí

Ní Ìgbẹ́tì ni ọkùnrin kan ń gbé tó mọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà dáadáa. Oyèkànmí lorúkọ rẹ̀. Áàpù orí fóònù ló máa ń kọ, ọwọ́ rẹ̀ sì mọ́. Bó bá parí iṣẹ́ kan, á fẹ̀yìn ti àga, á máa wò ó, inú rẹ̀ á sì máa dùn pé kò sí ìlà kan níbẹ̀ tí kì í ṣe òun ló kọ ọ́.

Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú gbé iṣẹ́ kan fún un. Wọ́n ti lọ káàkiri abúlé, wọ́n ti gba ohùn àwọn àgbàlagbà sílẹ̀, wọ́n sì ti tẹ ọ̀rọ̀ wọn: ìtàn oko, ìtàn ìgbéyàwó, bí òkè kọ̀ọ̀kan ṣe gba orúkọ. Ó pọ̀ jọjọ. Wọ́n fẹ́ kí ẹnikẹ́ni lè fi fóònù kà á, kó sì lè wá ọ̀rọ̀ tó bá wù ú nínú rẹ̀.

Ìyàwó Oyèkànmí náà ń ṣe iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Ó ní, “Bàbá Tẹniọlá, ẹ má fi ọwọ́ yín kọ apá ìwárí yẹn. Láíbìrì wà fún un.”

Láíbìrì tí obìnrin yìí ń wí kì í ṣe ilé ìwé kíkà o. Kóòdù ni, àṣẹ tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé, tí àwọn ẹlòmíràn ti jókòó kọ, tí wọ́n ti dán wò títí ó fi dára, tí wọ́n wá fi sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ kí ẹni tó bá fẹ́ mú un sínú iṣẹ́ tirẹ̀. Èyí tó ń sọ yìí máa ń ka gbogbo ojú ìwé kí ẹnikẹ́ni tó béèrè ohunkóhun. Á mú ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, á sì fi gbogbo ibi tí ọ̀rọ̀ náà wà sọ́kàn. Bí o bá wá béèrè, ibẹ̀ gan-an ló máa gbà lọ tààrà.

Oyèkànmí rẹ́rìn-ín. “Kí n wá kó iṣẹ́ àwọn tí n kò mọ̀ rí wọnú iṣẹ́ mi? Ọwọ́ mi yìí náà ni màá fi kọ ọ́.”

Ó kọ ọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbàkúùgbà tí ènìyàn bá wá ọ̀rọ̀ kan, ojú ìwé àkọ́kọ́ ni tirẹ̀ á ti bẹ̀rẹ̀ kíkà, fóònù á gbóná, á sì dúró gbagidi. Kó lè yá, Oyèkànmí ṣe é kí áàpù máa wo àkọlé ìtàn nìkan. Bí ènìyàn kò bá sì fi àmì ohùn sí ọ̀rọ̀ bó ṣe wà gẹ́lẹ́, kò ní dá a mọ̀. Bí kò bá rí nǹkan, á kọ ọ́ sójú fóònù pé: Kò sí.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, obìnrin kan wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Mọpélọ́lá lorúkọ rẹ̀, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì ni, Jos ló sì dàgbà sí. Ìyá rẹ̀ kú nígbà tó wà ní kékeré. Ohun tó mọ̀ nípa àwọn ènìyàn ìyá rẹ̀ kò ju pé agbègbè Ìgbẹ́tì ni wọ́n wà, àti ìlà kan nínú orin tí ìyá rẹ̀ fi ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún:

“Má sunkún mọ́, ọsàn á pọ́n, bàbá á tòkè bọ̀.”

Ó ní, “Ọmọ mi, mo ti tẹ̀ ẹ́ sínú áàpù yín, ó ní kò sí. Ẹni tó bá mọ orin náà lè jẹ́ ẹbí mi. Ẹ bá mi wò ó. Ṣé kò sí lóòótọ́?”

Oyèkànmí tẹ̀ ẹ́. Ó ní, “Kò sí, mà.”

Obìnrin náà yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún. “Bóyá ìyá mi ló fúnra rẹ̀ ṣẹ̀dá orin náà. Ẹ ṣeun. Màá padà sí Jos lọ́la.”

Oyèkànmí lọ sílé jẹun, ó sì ròyìn rẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀. Ìyàwó gbé àwo kalẹ̀.

“Ṣé kò sí ni,” ó béèrè, “àbí ẹ ò rí i?”

Oyèkànmí fi oúnjẹ sílẹ̀. Ó mọ̀ pé áàpù òun kò tíì ka ọ̀rọ̀ àwọn àgbàlagbà náà rárá. Àkọlé nìkan ló wò. Ó ti jẹ́ kí obìnrin kan gbà pé kò ní ẹbí níbẹ̀, nígbà tí òun gan-an kò tíì wá wọn.

Ó ní, “Fi láíbìrì yẹn hàn mí.”

Àwọn méjèèjì jókòó tì í ní ọ̀sán náà. Láíbìrì kò mọ èdè Yorùbá dáadáa, nítorí náà Oyèkànmí ní láti kọ́ ọ pé bí ènìyàn bá tẹ “osan” láìsí àmì, kó wo ọsàn, kó sì wo ọ̀sán pẹ̀lú. Iṣẹ́ tó nílò ọwọ́ rẹ̀ nìyẹn, ó sì ṣe é tayọ̀tayọ̀. Láíbìrì ka gbogbo ojú ìwé. Oyèkànmí tẹ orin náà láìfi àmì kankan sí i.

Kò tíì gbé ọwọ́ kúrò tí orin náà fi jáde. Àárín ọ̀rọ̀ ìyá àgbà kan ló wà, lábẹ́ àkọlé “Bí A Ṣe Ń Gbin Ẹ̀gẹ́”. Ìyá náà ń sọ̀rọ̀ oko lọ, ló bá yà sí orin tó fi ń rẹ àbúrò rẹ̀ obìnrin lẹ́kún, èyí tó bá ọkọ lọ sí Jos tí wọn kò gbúròó rẹ̀ mọ́.

Ìyàwó hó yè! Oyèkànmí ti bọ́ síta, ó ń sáré lọ sí ilé àlejò tí Mọpélọ́lá wọ̀ sí.

Òun àti Mọpélọ́lá dé abúlé ìyá àgbà náà kí oòrùn tó wọ̀. Ojú ìyá àgbà ti ń ṣe bàìbàì, Mọpélọ́lá kò sì mọ bí yóò ṣe ṣàlàyé ara rẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó kọ ìlà kan tó mọ̀. Ìyá àgbà na ọwọ́, ó di ẹ̀rẹ̀kẹ́ Mọpélọ́lá mú, ó sì kọ ìlà tó kù, èyí tí Mọpélọ́lá kò gbọ́ rí:

“Ká tó bó o tán, wàá ti rẹ́rìn-ín.”

Ìyá àgbà fọwọ́ gbá a léjìká. “O pẹ́ jù! Ta ló ní kí o pẹ́ tó báyìí?” Ẹ̀rín àti ẹkún dà pọ̀, gbogbo agbolé tú jáde, kò sì sẹ́ni tó rántí Jos mọ́ ní ọ̀sẹ̀ yẹn.

Oyèkànmí fi ohun tó kọ́ láíbìrì nípa àmì ohùn ránṣẹ́ sí àwọn tó ni ín, kí ẹlòmíràn náà lè rí i lò.

Arákùnrin mi, ìwọ ni mò ń bá wí. O ti bẹ̀rẹ̀ áàpù àwọn àgbẹ̀, o sì sọ fún mi lánàá pé ìwọ nìkan ni wàá kọ gbogbo rẹ̀ láti ìpìlẹ̀. Mo mọ̀ pé o lè kọ ọ́. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ tí kòkòrò ń jẹ àgbàdo rẹ̀ kò béèrè ẹni tó kọ kóòdù; oògùn ló ń wá. Gba ohun tí àwọn ẹlòmíràn ti ṣe, dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, kí o sì fi agbára rẹ sí ibi tí wọn kò tíì dé. Lọ gbé kọ̀ǹpútà rẹ wá, ká jọ fi láíbìrì tó yẹ síbẹ̀ nísinsìnyí.