Ohun tí Ọ̀bọ Ń Ṣọ́ Lẹ́yìn Igi

Ẹ̀yin ọmọ, àlọ́ o!
Àlọ̀!
Àlọ́ mi balẹ̀ sórí Ọ̀bọ àti Ẹtu, aládùúgbò rẹ̀.

Ojoojúmọ́ ni Ọ̀bọ ń na ọmọ rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn, síbẹ̀ kì í gbọ́ràn. Ọmọ Ẹtu kì í jẹgba, ó sì ń gbọ́ràn. Ara fu Ọ̀bọ pé òògùn ni Ẹtu ń lò. Ó bá ń ṣọ́ ọ láti ẹ̀yìn igi.

Lọ́jọ́ kìíní, ọmọ Ẹtu da omi nù. Ẹtu ní, "Jẹ́ ká jọ nù ún." Lọ́jọ́ kejì, ó ń ké, ìyá rẹ̀ gbé e mọ́ra títí ó fi dákẹ́.

"Ó ti gbé òògùn náà pa mọ́," ni Ọ̀bọ wí.

Lọ́jọ́ kẹta, ọmọ méjèèjì forí lé odò ọ̀nì. Àwọn ìyá wọn pè wọ́n. Ọmọ Ẹtu sáré padà. Ọmọ Ọ̀bọ rò pé ẹgba ló kàn, ó ń sá lọ síbi omi.

Ọ̀bọ wá rí i pé ẹgba ni ọmọ òun ń sá fún. Ó kúnlẹ̀, ó tẹ́wọ́, ó rọra kọrin:

"Ọmọ mi, máa bọ̀."
Ẹ gbè é: Jẹ̀lẹ́ńkẹ́.
"Mi ò ní nà ọ́."
Jẹ̀lẹ́ńkẹ́.

Ọmọ náà dúró. Ó wo ọwọ́ ọ̀tún ìyá rẹ̀, ó wo tòsì. Nígbà tí kò rí pàṣán, ó wá.