Ẹ̀pà Tí Ìyá Àgbà Tọ́jú Fún Ọmọ

Obìnrin kan wà ní abúlé kan, opó ni, ọmọ kan ṣoṣo ni ó bí. Nígbà tí ìyàwó ọmọ náà bí ọkùnrin, ìyá àgbà ya ebè mẹ́ta sọ́tọ̀ nínú oko rẹ̀, ó gbin ẹ̀pà sí i. Ó ní, "Èyí ni wọn yóò lọ̀ mọ́ ògì ọmọ mi nígbà tí ó bá ń kọ́ oúnjẹ."

Ọjọ́ tí ó kórè rẹ̀, òjò ṣú. Kò dúró kí ẹ̀pà gbẹ. Ó dà á sínú àpò ọ̀rá, ó dì í pinpin nítorí eku.

Nígbà tí yóò fi tú u, ó ti bu. Nǹkan aláwọ̀ ewé hù sí i lára bí ìyẹ̀fun. Ó fi aṣọ nu ún lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan, ó yan án nínú yanrìn gbígbóná. Ó ní iná á pa ìyókù.

Ìyàwó gbé ọmọ wá. Ó ju ẹyọ kan sẹ́nu, ó tutọ́.

"Màmá, ẹ̀pà yìí korò."

"Ẹnu tìrẹ ló korò. Àbí oyún mìíràn ti wà nínú ni?"

Ìyàwó rẹ́rìn-ín, ó kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, Màmá. Ṣé kì í ṣe pé ó ti bu? Nọ́ọ̀sì sọ fún àwa abiyamọ pé iná kì í pa oró inú ẹ̀pà tó bá ti bu. Ẹ̀dọ̀ ọmọ ló máa ń bà jẹ́, díẹ̀díẹ̀."

"Ìfẹ́ ni mo fi tọ́jú ẹ̀."

"Mo mọ̀, Màmá."

Ìyàwó kò bá a jà. Ó kàn gbé ọmọ lé e lẹ́sẹ̀. Ọmọ na ọwọ́ sínú igbá ẹ̀pà, ó mú ẹyọ kan, ó ń gbé e lọ sẹ́nu. Ìyá àgbà di ọwọ́ kékeré náà mú, ó tú ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó gba ẹ̀pà náà. Omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó gbẹ́ ilẹ̀, ó sin gbogbo rẹ̀, kò fún adìẹ pàápàá. Ní ọdún kejì, ó sá ẹ̀pà títí, ó ń mì ín létí. Ìgbà tí ó dún woroworo nínú èèpo ni ó tó kó o wọlé.

Ìyá Mofólúwaṣọ́, ẹ̀yin ni mo ń bá wí. Ọmọbìnrin yín ní èébú tí ẹ fi ń tọ́ òun korò. Ẹ ní ìfẹ́ ni. Mo gbà, Ọlọ́run rí ọkàn yín. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ ni ìyá àgbà yẹn náà fi gbin ẹ̀pà. Ẹ má wulẹ̀ fi ẹ̀rín nu èébú náà lára, kí ẹ tún gbé e fún un. Ọwọ́ ọmọ ti wà nínú igbá. Ẹ rọra tú ìka rẹ̀, kí ẹ gba èébú náà lọ́wọ́ rẹ̀.