Abẹ̀bẹ̀ Tí Wọ́n Wọ̀n Nígbà Tí Bátìrì Kún

Ọkùnrin kan wà ní ìlú kan tó wà létí odò ńlá. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni dúróònù, ọkọ̀ òfuurufú kékeré tí kì í gbé ènìyàn, tí abẹ̀bẹ̀ mẹ́rin máa ń gbé sókè. Ilé ìwòsàn ìlú náà ní kí ó ṣe ọ̀kan tí yóò máa gbé oògùn sọdá sí abúlé òdìkejì, nítorí pé bí òjò bá ti rọ̀, odò náà kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Atukọ̀ kan ṣoṣo ló láyà láti tukọ̀ sọdá nígbà tó bá kún, ìyẹn náà a sì máa pẹ́ kó tó dé.

Ó ti rẹ ọkùnrin yìí. Láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló ti ń ṣe iṣẹ́ náà, kò sì sí ẹni tó rí i tí kì í bi í léèrè ìgbà tí yóò parí. Ó kọ́kọ́ fojú díwọ̀n agbára abẹ̀bẹ̀ rẹ̀: ó wo gígùn rẹ̀, ó wo bó ṣe tẹ̀, ó ṣírò bí yóò ti yára yí tó. Lẹ́yìn náà ó gbé òṣùwọ̀n jáde, irú èyí tí àwọn tó ń ṣe búrẹ́dì fi ń wọn ìyẹ̀fun. Ó so abẹ̀bẹ̀ kan àti ẹ̀rọ rẹ̀ mọ́ ọn ní ìdojúdé, kó lè jẹ́ pé bó bá ń yí, òṣùwọ̀n ni yóò máa tẹ̀ mọ́lẹ̀ dípò kó fò lọ. Bó bá ṣe lágbára láti tẹ̀ ẹ́ tó ni yóò ṣe lágbára láti gbé ẹrù tó.

Ó ki bátìrì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kún bọ̀ ọ́, ó tan án. Òṣùwọ̀n gòkè, ó bá ìṣirò rẹ̀ mu, ó tilẹ̀ lé díẹ̀. Inú rẹ̀ dùn. Ṣùgbọ́n bí abẹ̀bẹ̀ ti ń yí lọ, òṣùwọ̀n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ tó ń ṣa ẹ̀wà nítòsí rí i. Ó ní, “Bàbá Móyọ̀, ó mà ń wálẹ̀ o.”

Ọkùnrin náà ní, “Bátìrì ló ń rẹ̀, kì í ṣe abẹ̀bẹ̀.” Ó sì pa ẹ̀rọ náà. Iye tó ga jù lọ ló mú, ó sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́rin, ó lọ sùn. Kò purọ́ o. Ojú rẹ̀ rí iye náà kedere. Èyí tó tẹ̀ lé e ni kò fẹ́ rí.

Lọ́jọ́ kan tí odò kún, ejò bu obìnrin àgbẹ̀ kan jẹ lẹ́sẹ̀ ní abúlé òdìkejì. Nọ́ọ̀sì abúlé náà pe ọkùnrin wa lórí fóònù. “Ẹ̀gbọ́n, ṣé dúróònù yín yóò lè gbé àpótí oògùn oró ejò, tòun ti yìnyín inú rẹ̀? Atukọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi báyìí. Àbí kí n ní kó máa bọ̀ wá gbà á?”

Ọkùnrin náà rántí iye tó ga jù lọ yẹn. Ó ní, “Ẹ fọkàn balẹ̀. Yóò gbé e.”

Nọ́ọ̀sì dúpẹ́, ó ní kí atukọ̀ máa lọ. Atukọ̀ gba ibi tó dẹ àwọ̀n sí lọ, lókè odò.

Dúróònù gbéra dáadáa. Àwọn tó dúró létí omi pàtẹ́wọ́. Nígbà tó kọjá àárín odò ni atẹ́gùn kò ó lójú, bátìrì sì ti rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. Ọkùnrin náà fún un ní gbogbo agbára tó kù. Abẹ̀bẹ̀ ń han, kò gòkè. Ó rọra jókòó sórí omi tòun tàpótí, odò sì gbé e lọ.

Oògùn mìíràn wà ní ilé ìwòsàn. Atukọ̀ tí yóò gbé e sọdá ni kò sí. Kí wọ́n tó wá a rí, ọjọ́ ti rọ̀, díẹ̀ ló sì kù kí ẹ̀pa má bóró mọ́. Obìnrin náà yè, ṣùgbọ́n wọ́n gé ẹsẹ̀ rẹ̀ ní orúnkún.

Ọkùnrin náà lọ kí i. Obìnrin náà kò bú u, ó kàn bi í pé, “Kí ló dé tí ẹ ò sọ pé kò ní lè gbé e? Atukọ̀ ṣáà wà níbẹ̀.” Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lákínyẹmí ara. Nígbà tó délé, ó tún so abẹ̀bẹ̀ mọ́ òṣùwọ̀n, ó jẹ́ kó yí títí bátìrì fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, kò sì gbójú kúrò lára rẹ̀. Láti ìgbà náà, iye ìkẹyìn ló ń sọ fún ènìyàn. Ó kéré, ojú a sì máa tì í láti pè é, ṣùgbọ́n òun ló ń pè.

Arákùnrin mi, ìwọ ni mo ń bá wí. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn tí o ti sùn tí o sì ti yó, ni o máa ń wọn ara rẹ. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni ẹrù máa ń dé. O gbà láti ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé. O gbà láti máa kọ́ àwọn akọrin. Lánàá, o tún sọ fún ìyá rẹ pé ìwọ ni yóò máa gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, bẹ́ẹ̀ o ń tòògbé bí o ti ń sọ ọ́. Ó rẹ èmi gan-an láti máa wò ọ́. O rò pé oore lò ń ṣe. Àbúrò rẹ obìnrin ti fẹ́ máa gbé ìyá yín lọ tẹ́lẹ̀. Nígbà tó gbọ́ pé o ti gbà á, ó fọwọ́ lẹ́rán. Lọ́jọ́ tí agbára rẹ bá tán, ìyá rẹ yóò ti múra, yóò ti wé gèlè, yóò jókòó sẹ́nu ọ̀nà, kò sì ní sí ẹni tó ń bọ̀. Pe àbúrò rẹ lónìí, kí o sọ fún un pé apá rẹ kò ká a.