Oòrùn Inú Adágún

Nígbà tí ẹsẹ̀ Màmá kò gbé e dé etí adágún mọ́, Abọ́sẹ̀dé ọmọ rẹ̀ lọ jókòó síbẹ̀, ó fi ọ̀dà olómi ya adágún náà sórí bébà, ó sì gbé e wálé fún un. Igi wà níbẹ̀, òjìji igi wà nínú omi.

Màmá wò ó títí. "Ó dára, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n adágún tiwa máa ń gbé oòrùn mì nírọ̀lẹ́. Oòrùn dà?"

Abọ́sẹ̀dé tún àwòrán náà wò. Nínú àwòrán ọ̀dà olómi, funfun bébà fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń fi sílẹ̀ ṣe ìmọ́lẹ̀, òun sì ti fi àwọ̀ aró bò ó pátápátá. Àfi kó máa fi búrọ́ọ̀ṣì tútù ha á títí funfun yóò fi yọ. Búrọ́ọ̀ṣì kan ṣoṣo ló sì ní, onírun múlọ́múlọ́ tí ọ̀gá rẹ̀ fún un lọ́jọ́ tó gbòmìnira lẹ́nu ẹ̀kọ́ṣẹ́ àwòrán.

Akínsọ̀la ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá a níbi tó ti ń ha á. "Bọ́sẹ̀, o máa ba búrọ́ọ̀ṣì yẹn jẹ́ o. Jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké."

Ó ń ha á, ó ń fi àkísà nù ún. Nígbà tí búrọ́ọ̀ṣì fi máa rí bí ìgbálẹ̀ àlòkù, ìlà funfun kan ti là gbọọrọ láàárín omi.

Ó gbé e padà fún Màmá. Màmá tẹjú mọ́ ọn, ọwọ́ rẹ̀ sì ń ká etí ìró rẹ̀ sókè díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ ti ẹsẹ̀ bọ omi.