Ojú Méjì àti Igi Àgbálùmọ̀ Kan

"Bèèrè pé ojú wo ni, kí o tó gbé àáké." Bí ẹ bá dé abà wa, Òkè Ọsàn, tí ẹ sì jókòó díẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹnikẹ́ni, ẹ ó gbọ́ òwe yìí. Àwọn ọmọdé pàápàá ń pa á. Ṣùgbọ́n mélòó nínú wọn ló mọ gbòǹgbò rẹ̀? Ó pẹ́ tí mo ti kúrò nílé, òtútù ìlú onílùú sì ti mọ́ mi lára, àmọ́ n kò lè gbàgbé rẹ̀, nítorí ó ṣojú mi.

Bàbá Gbádébọ̀ ni ẹni àkọ́kọ́ tó ri àwo tẹlifíṣọ̀n, èyí tó ń gba àwòrán láti ojú ọ̀run, mọ́lẹ̀ ní abà wa. Gbádébọ̀ ọmọ rẹ̀, tó ń gba bọ́ọ̀lù jẹun ní òkè òkun, ló ní kí wọ́n ṣe é fún un. Ó ti pé ọdún méje tí bàbá ti fojú kan ọmọ náà gbẹ̀yìn. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni oníṣẹ́ wá láti ìgboro, ó ri òpó irin sí ẹ̀gbẹ́ ilé, ó de àwo mọ́ ọn, àwòrán sì mọ́ gaara. Nígbà tí òjò dé tí ewé yọ, nǹkan yí padà. Àwòrán á kọ́kọ́ dúró gbagidi, á fọ́ sí wẹ́wẹ́, gbogbo rẹ̀ á sì ṣókùnkùn.

Nínú oṣù Èbìbí ni Gbádébọ̀ pè. Ó ní wọ́n á gbé òun wọ pápá bọ́ọ̀lù ní ọjọ́ Sátidé, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, kí bàbá máa wò. Láti ìgbà náà Bàbá Gbádébọ̀ kò lè jókòó sójú kan mọ́. Á jáde, á wo àwo. Á wọlé, á wo tẹlifíṣọ̀n. Á tún jáde. Oúnjẹ á tutù sílẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ Sátidé mọ́, ó wá pe èmi tí mo jẹ́ tíṣà abà nígbà náà, pé kí n bá òun bá oníṣẹ́ sọ̀rọ̀ lórí fóònù.

Mo ní, "Ọ̀gá, àwo kò mú nǹkan kan mọ́ o."

"Igi ló dí i yẹn. Ẹ wo ibi tí ojú rẹ̀ kọ sí. Igi tó bá wà níbẹ̀, ẹ gé e. Mò ń bọ̀ tó bá di ọ̀sán."

Fóònù já. A jáde síta. Ẹ̀yin tí ẹ mọ àwo yìí mọ̀ pé apá irin kan nà jáde níwájú rẹ̀, nǹkan kékeré kan tó rí bí ẹyinjú sì wà lórí apá náà. Ojú tí mo rí nìyẹn. Ó kọ sí ìwọ̀-oòrùn. Mo nawọ́ tẹ̀lé e, ọwọ́ mi kọjá àwo, ó kọjá ọgbà, ó bá igi àgbálùmọ̀ Ìyá Wúràọlá, aládùúgbò Bàbá Gbádébọ̀.

Gbogbo abà ló mọ igi yẹn. Ìdí rẹ̀ ni wọ́n ri ìwọ́ Wúràọlá sí nígbà tí wọ́n bí i. Wúràọlá bá àwọn kan gba ọ̀nà aṣálẹ̀ lọ; odindi ọdún mọ́kànlá, kò sí lẹ́tà, kò sí ìpè. Lọ́dọọdún tí igi náà bá so, ìyá rẹ̀ á dúró lábẹ́ rẹ̀, á ní, "Ọmọ mi ṣì ń bẹ láàyè."

Nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, Bàbá Gbádébọ̀ ṣí fìlà. Obìnrin náà bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀yin náà nìyí! Bí àgbálùmọ̀ mi bá já lé páànù yín, èébú. Lónìí ẹ wá ń ṣí fìlà fún un."

Bàbá Gbádébọ̀ ṣàlàyé. Ẹ̀rín kúrò lójú obìnrin náà. Ó gbé ọwọ́ lé ara igi náà.

"Aago mélòó ni wọn ó fi í hàn?"

"Mẹ́rin, Ìyá Wúràọlá."

"Ẹ gé e. Bí wọ́n bá ní n ó rí tèmi, ṣé n kò ní gé igi onígi ni?"

Ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Ọkùnrin mẹ́ta ló fi àáké lé igi náà. Oje funfun ń ṣàn bí omi ọmú. Aago kan kọjá kó tó wó.

Tẹlifíṣọ̀n ṣì dúdú. Bàbá Gbádébọ̀ tàn án, ó pa á, ó tún tàn án. Aago mẹ́ta ààbọ̀ ni oníṣẹ́ gun ọ̀kadà dé. Ó wo igi tó wà nílẹ̀, ó wo àwa náà.

"Kí ni igi ẹ̀yìn àwo ṣe fún yín?"

Mo ní, "Ṣebí ìwọ lo ní kí a wo ibi tí ojú rẹ̀ kọ sí?"

"Ojú àwo, tíṣà! Ojú àwo fúnra rẹ̀! Kiní kékeré yìí, inú àwo ló ń wò, bí ẹni ń wo dígí. Ibí ni àwo kọjú sí."

Ó nawọ́ sókè, síhà ìlà-oòrùn, sí igi ìyeyè Bàbá Gbádébọ̀ fúnra rẹ̀, èyí tí kò ní ewé kan lórí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ̀ka méjì péré ló fi àdá gé lulẹ̀. Àwòrán dé.

A rí Gbádébọ̀. Ariwo wa mú kí Ìyá Wúràọlá wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Ó wo ọmọ náà títí.

"Ó ti sanra. Ẹ kú oríire o." Ó yíjú sí ìta, níbi tí igi ti wà tẹ́lẹ̀. "Ibo ni èmi yóò ti máa wo tèmi báyìí?"

Bàbá Gbádébọ̀ dìde, ó pa tẹlifíṣọ̀n náà. Ọmọ rẹ̀ ṣì ń sáré lórí pápá.

Nítorí náà ni àwọn àgbà abà wa fi ń sọ pé, "Bèèrè pé ojú wo ni, kí o tó gbé àáké." Wọ́n ń pa á fún ẹni tó gbọ́ ọ̀rọ̀ lábọ̀, tó sì fẹ́ fi ìkánjú ṣe ohun tí kò ṣeé dá padà: ẹni tó fẹ́ lé aya, ẹni tó fẹ́ ta ilẹ̀, ẹni tó fẹ́ kọ ọmọ. Wọn kì í rẹ́rìn-ín bí wọ́n bá ń pa á. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni, ẹnu mi ló sì yẹ kó ti jáde.