Ìmàdò àti Irin Ìtúlẹ̀

"Ẹ̀yin ọmọ, àlọ́ mi ń bọ̀ o!"
"Kó máa bọ̀!"
Ó bọ̀, ó balẹ̀ sórí Ìmàdò.

Ẹfọ̀n mẹ́ta jọ ń fa irin ìtúlẹ̀ kan tó wúwo. Ọba sì ti ṣòfin pé ẹni tó bá tú ilẹ̀ amọ̀ ló ni ín, oko àwọn Ẹfọ̀n sì ń fẹ̀ sí i. Ìlara ń jẹ Ìmàdò lọ́kàn. Ó fa pèrègún ààlà wọn tu; wọ́n tún un gbìn. Ó pè wọ́n lẹ́jọ́ nítorí ilẹ̀ náà, ó jẹ̀bi. Ó yọ́ lọ fa irin náà ní òun nìkan, irin kò mì.

Ẹ bá mi gbè é:
Irin yìí wúwo o,
*Gbìnrìn-jàn!*
Èjìká kan ò tó o,
*Gbìnrìn-jàn!*

Àgbà Ẹfọ̀n bá a níbẹ̀. "Àbúrò, ẹnì kẹrin la ń wá. Bá wa fà á, wàá ní poro tìrẹ lára ilẹ̀ tí a bá tú."

"Kí ẹ̀yin ní púpọ̀, kí èmi ní ẹyọ kan?" Ìmàdò bínú lọ.

Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ gba àyè náà. Nígbà ìkórè, ọkà bàbà kún poro rẹ̀. Ìmàdò dúró lẹ́yìn ààlà, ó ń wò ó, oúnjẹ ilé rẹ̀ sì korò lẹ́nu rẹ̀.

Ibẹ̀ ni mo sọ àlọ́ mi kalẹ̀ sí.